Ohun Tí Wolé-wolé Rí Lára Ẹlẹ́dẹ̀

Inú ẹnikẹ́ni kì í dùn tí Jíbọ́lá Èṣùbíyì bá yọ sí ilé ìpẹran. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe iṣẹ́ wolé-wolé ní ìlú Benin, bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà láàárọ̀ ni àwọn alápatà á ti máa ṣẹ́jú síra wọn. Ọ̀kan á tutọ́ sílẹ̀. Òmíràn á gbóhùn sókè pé, "Madam Condemn don land," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Jíbọ́lá á wọ kóòtù rẹ̀ tó ti fìgbà kan rí jẹ́ funfun, á fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ̀, á pọ́n ọ̀bẹ kékeré rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹran.

Ẹ̀dọ̀ màlúù ló máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí kòkòrò pẹlẹbẹ kan wà, tó rí bí ewé, tó máa ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ń kọjú sí ẹlẹ́dẹ̀. Á la ahọ́n, á la ẹ̀rẹ̀kẹ́, á la ọkàn sí méjì. Bí ẹran náà bá mọ́, á lu òǹtẹ̀ lé e lára. Àmọ́ bó bá rí àpò omi kéékèèké tó rí bí hóró ìrẹsì tó ti mu omi yó, tí nǹkan kan bí orí abẹ́rẹ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọmọ aràn ni. Inú ihò ni ẹran náà ń lọ. Wọ́n á da kẹrosíìnì àti oògùn apakòkòrò Ísáàlì lé e lórí, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ni ín.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní kékeré kò ní í béèrè ohun tó sọ ọ́ di olóríkunkun bẹ́ẹ̀. Abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí. Adágún kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu nígbà náà, sòbìyà ló sì kún inú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó jókòó ti ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń fa aràn náà jáde lẹ́sẹ̀ màmá, tí wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó já. Èyí tó kù nínú ẹsẹ̀ rà síbẹ̀, ẹsẹ̀ wú dé itan, màmá ò sì tún fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà ni Jíbọ́lá ti kórìíra ohunkóhun tó bá ń gbé inú ẹlòmíràn jẹun. Kì í ṣe ìbẹ̀rù, ìkórìíra gidi ni.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ló mú un wá sí Benin. Ó ti tó ọdún méje tí ọkọ náà ti kú. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìyìnolúwa, ló kù nínú ilé ní àdúgbò Uwasota. Ìsinmi kan ṣoṣo tó ní lọ́sẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá tí wọ́n ń lọ. Òun ló ń darí orin níbẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni Alàgbà Láolú Gbóyèga wà. Báǹkì ló ti fẹ̀yìn tì, ó wá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní àdúgbò Ogida. Bí ìkórè bá dé, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìjọ ń jẹ, wọ́n á sì gbàdúrà fún un lórí pẹpẹ. Lọ́dún tó kọjá, ó kó mẹ́ta wá sí ilé ìpẹran lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè.

"Ìyá Ìyìn, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Alàgbà wí. "Ti ìkórè la kó dé yìí. Ẹ bá wa tètè lu òǹtẹ̀, àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò kaná."

Wọ́n pa wọ́n tán, Jíbọ́lá la ahọ́n ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó la ọkàn. Àpò funfun náà pọ̀ nínú ọkàn débi pé ẹran pupa ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ó ní kí Alàgbà sún mọ́ òun.

"Ọ̀rá nìyẹn," ni Alàgbà wí.

"Ọ̀rá kì í ní orí, Alàgbà." Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, ohun kékeré funfun yọrí jáde nínú rẹ̀.

Alàgbà fà á lọ sẹ́yìn ògiri. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Ìyìn, ọmọ ilé kan náà ni wá. Ìlú onílùú la wà. Bó bá jẹ́ àjèjì ló ṣe èyí sí mi, ó yé mi. A ó sè é dáadáa. Ṣebí iná ń pa aràn?"

"Ó ń pa á bó bá jinná dé egungun. Ta ló máa dúró ti ẹran igba ènìyàn títí yóò fi jinná dé egungun? Àwọn kan á sì yọ tiwọn sun lórí ẹyin iná. Mi ò lè lu òǹtẹ̀ sí i, Alàgbà."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Ọkọ rẹ wá oyè alàgbà títí, kò rí i jẹ kó tó kú. Èmi lo fẹ́ fi gbẹ̀san."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jíbọ́lá lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ó ní kí wọ́n gbé ẹlẹ́dẹ̀ kejì wá. Bákan náà ni. Ẹ̀kẹta náà, bákan náà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wọ ihò, ẹja ni ìjọ sì jẹ nígbà ìkórè.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Jíbọ́lá rí i ní tòótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀ nídìí orin. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn obìnrin á sún títí àyè ènìyàn mẹ́ta á fi ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ lára irin tí wọ́n fi ń ṣí i.

Ìyìnolúwa ló fi Jíìkì fọ̀ ọ́. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń bínú. "Mummy, why you no just stamp the meat? Na only you holy pass for Benin?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ọ̀rọ̀ aràn ni."

Iṣẹ́ ò sì tíì tán. Òfin ní kó lọ wo ibi tí ẹran aláìsàn ti wá, nítorí náà ó mú ìwé nótíìsì, ó lọ sí Ogida. Ohun tó rí lẹ́yìnkùlé Alàgbà kò yà á lẹ́nu. Ògiri ẹ̀yìn ṣáláńgá tí gbogbo ilé ń lò ti wó sínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì dúró síbẹ̀, wọ́n ti imú bọ ihò náà, wọ́n ń jẹ.

Ṣèyíọlá, ìyàwó Alàgbà, wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gé ẹ̀fọ́ sínú abọ́. Ẹgbẹ́ ni òun àti Jíbọ́lá. Ọdún kan náà ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jíbọ́lá jókòó tì í láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àga.

"Ìyá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣàdédé ní ọmọ aràn. Inú ìgbẹ́ ènìyàn ló ti ń kó o. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹnìkan nínú ilé yìí ló ní ìyá aràn náà nínú ìfun. Pẹlẹbẹ ni, ó gùn ju òpó yìí lọ, ẹni tó ni ín sì lè máà ní ìnira kankan. Ohun tó máa ń rí ò ju nǹkan funfun kéékèèké lọ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí ẹyọ indomie tí wọ́n gé."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ṣèyíọlá.

"Aràn yẹn fúnra rẹ̀ kò burú tó ẹyin rẹ̀," ni Jíbọ́lá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí ẹni náà bá jáde ní ṣáláńgá tí kò fọ ọwọ́ dáadáa, tó wá dáná, ẹyin náà á bá oúnjẹ wọlé sí àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Inú wọn ló ti ń pa, á wá bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sínú ẹran ara, sínú ojú, sínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí fún ọdún mélòó kan, bó ṣe jókòó sínú ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ yín yẹn."

"Ṣé èmi lò ń pè ní ọ̀bùn?"

Jíbọ́lá gbọ́ bí "ẹ" ṣe di "o" lẹ́nu obìnrin náà. "Mi ò pe ẹnikẹ́ni lọ́bùn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, gbogbo ilé. Sòbìyà tó bá máa degbò, ìgbà tó ṣì wú là ń wá olùwòsàn sí i."

Alàgbà ti yọ láti inú ilé. Ó gba nótíìsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya sí mẹ́rin, ó gbé korobá omi tí wọ́n fi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó sì dà á sí Jíbọ́lá lẹ́sẹ̀. "Jáde lọ. Bó o bá tún débí, mo máa tú ajá sí ọ." Jíbọ́lá fi bàtà tó ń rùn rìn dé títì. Kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé e.

Oṣù márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ Àjíǹde, Ayọ̀mikún, àbíkẹ́yìn Alàgbà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó wà ní yunifásítì, dìde láti ka Bíbélì. Ó ka ẹsẹ mẹ́ta. Ní ẹsẹ kẹrin, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ yí sókè, ó sì ṣubú lulẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Wárápá ni." Àwọn tó wà ní iwájú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá ta bá á kó o. Ọkùnrin kan ti mú ṣíbí, ó fẹ́ tì í bọ ọmọ náà lẹ́nu.

Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni Jíbọ́lá ti sáré wá. Ó gba ṣíbí dànù, ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, ó ká gèlè rẹ̀ sí i lábẹ́ orí, ó sì dúró tì í títí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀. Ìgbà náà ni Alàgbà ráyè dé ibẹ̀. Ó ti Jíbọ́lá tó fi jókòó sílẹ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára ọmọ mi. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ ṣe é. O wá sílé mi, o sọ ọ́ sí wọn lára."

Lọ́jọ́ kẹta, ènìyàn mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá a ní Uwasota. Wọ́n ò jókòó. Wọ́n ní kó wá tú ọ̀rọ̀ tó sọ sílé Alàgbà ká, kí ọmọ náà lè sinmi.

"Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń pa aràn, ẹran kan ò bá tí wọ ihò lọ́wọ́ mi," ni Jíbọ́lá dá wọn lóhùn. "Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ ya àwòrán inú orí. Ohun tí mo ní nìyẹn." Wọ́n lọ láìmu omi.

Ayọ̀mikún tún ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀gbẹ́ ààrò gáàsì ni, iná sì jó ọwọ́ òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ṣèyíọlá yọ sí ilé ìpẹran, láàárín àwọn alápatà àti ẹ̀jẹ̀, ó fi ìborùn bo imú.

"Mi ò wá kí ọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò wá bẹ̀ ọ́," ló sọ. "Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo wá. Nǹkan funfun tí o sọ níjọ́sí. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń rí i. Ojú ló ń tì mí." Omijé ò sí lójú rẹ̀. "Tẹ̀ lé mi dé ọsibítù, kó o sọ ohun tí o rí lára ẹran fún dókítà. Èmi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Jíbọ́lá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n ya àwòrán náà. Dókítà, obìnrin tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn dáadáa, gbé e síwájú iná, ó fi ìka tọ́ka sí àmì róbótó mẹ́ta nínú ọpọlọ ọmọ náà. Ó ní ọmọ aràn ni lóòótọ́. Ó ní àwọn ò kàn ní í pa á lójijì, nítorí bí aràn bá ń kú nínú orí, ibi tó wà á wú, ewu rẹ̀ sì lè ju ti aràn ààyè lọ. Àwọn á kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí kò ní í jẹ́ kó wú, kí àwọn tó fún un ní èyí tó ń pa á. Oògùn tó ń dá wárápá dúró, ó lè lo ìyẹn tó ọdún méjì. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ gbogbo ilé wò. Ṣèyíọlá nìkan ni wọ́n bá ìyá aràn nínú rẹ̀. Oògùn ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé e jáde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni Ṣèyíọlá ti bi Jíbọ́lá. Ayọ̀mikún wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé èmi ni mo fún un?"

Jíbọ́lá mọ̀ pé ìdáhùn mìíràn wà. Ó lè ní ẹ̀fọ́ ọjà Santana ni, ó lè ní omi ni, kò sì sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í gbà kí ènìyàn pe aràn ní ọ̀rá. Ó sì rántí korobá omi yẹn. Ó rántí ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ. "Ọwọ́ rẹ ni."

Ṣèyíọlá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún fojú kan ọ́." Ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn náà, Alàgbà mọ ògiri ṣáláńgá, ó sì ta ẹlẹ́dẹ̀ tó kù. Inú Jíbọ́lá ìbá dùn, bí kò bá gbọ́ pé ọ̀nà ìgbèríko tí wolé-wolé kì í dé ni ẹni tó rà wọ́n kó wọn gbà. Ó kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kankan ò wá.

Nínú oṣù Ògọ́sì, òjò ń rọ̀ lójúmọmọ, Ayọ̀mikún kan ilẹ̀kùn ní Uwasota. Ó ti sanra díẹ̀. Àpá iná dán lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Aunty, I no come thank you," ló fi bẹ̀rẹ̀.

Jíbọ́lá ní kó wọlé. Kò wọlé.

"My mama no dey enter kitchen again. Since hospital. She dey wash hand with bleach till the skin dey peel. If we eat, she go carry her own plate go backyard. I don dey better, but she no gree touch me." Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. "You for lie small. You for just lie for her small."

Ọmọ náà yí padà, ó sì wọ inú òjò lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gbé Jíbọ́lá lọ́kàn jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni òun sọ. Ó tún mọ̀ pé ìbínú ló ti òótọ́ náà jáde lẹ́nu òun, kì í ṣe iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gba Ogida lọ. Ajá gbó, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tú u sí i. Alàgbà wà lórí àga níta. Ó rí i, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣèyíọlá wà lẹ́yìnkùlé, ìka rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ ti bó bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hó.

"Kí ló tún kù tó o fẹ́ wá sọ?" ni Ṣèyíọlá bi í.

"Kò sí. Ebi ń pa mí," ni Jíbọ́lá wí. "Ẹ fún mi lóúnjẹ."

"Jáde nílé mi."

Jíbọ́lá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ̀bà ni mo fẹ́ jẹ. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kí ó ti wá."

"O fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín."

"Iṣẹ́ mi ni kí n mọ èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́, Ìyá Ayọ̀. Mo bi dókítà. Wọ́n yẹ yín wò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn oògùn, kò sí nǹkan kan nínú yín mọ́. Mi ò lè jẹ ohun tí mi ò ní í lu òǹtẹ̀ sí."

Ṣèyíọlá bú u. Ó bú ìyá rẹ̀, ó bú iṣẹ́ rẹ̀, ó bú ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jíbọ́lá ò dìde. Nígbà tó yá, Ṣèyíọlá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Jíbọ́lá ní, "Ó ti tó." Ṣèyíọlá wọ ilé ìdáná. Ariwo ìkòkò tó ń gbé pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tẹ ẹ̀bà, ó fi ọwọ́ lásán yí i róbótó, ó bu ọbẹ̀ ilá sí i, ó sì gbé àwo náà sílẹ̀ débi pé ọbẹ̀ ta sí Jíbọ́lá ní ìró.

Jíbọ́lá jẹ ẹ́. Ṣèyíọlá dúró lé e lórí, ó ń wo òkèlè kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ lọ́nà ọ̀fun. Ayọ̀mikún ti yọ sẹ́nu ọ̀nà. Jíbọ́lá jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo, ó lá a.

"O ti jẹun," ni Ṣèyíọlá wí. "Máa lọ."

Ó dìde, ó ń lọ. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé kó tó gbọ́ tí Ayọ̀mikún sọ pé, "Mummy, I wan chop too," tí ìdérí ìkòkò sì tún dún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ó ti pé oṣù méje báyìí tí ọmọ náà ò tíì ṣubú. Wọn ò tíì dá Jíbọ́lá padà sídìí orin. Ṣèyíọlá kì í kí i, bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Jíbọ́lá ò retí nǹkan mìíràn.